Mo ríṣẹ́ sí Biggar ní Saskatchewan, ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ríṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Biggar, ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan ní Kánádà níbí, oṣù kọkànlá ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Toronto la wà láti ọdún méjì. Mo rí i pé ọkọ̀ ojú irin VIA ń dúró níbẹ̀, ni mo bá sọ fún bàálé mi pé kò dìgbà tá a bá ra mọ́tò. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni? Irú ìlú wo gan-an ni?

Àǹtí Saskatoon: Àbúrò mi, kú oríire iṣẹ́. Ẹ ra mọ́tò kí ẹ tó ra àga. VIA tó ń ti Toronto lọ Vancouver ń dúró ní Biggar lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń kọjá, CN, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù, ló sì ni irin tó ń gbà. Bí ọkọ̀ ẹrù bá ń bọ̀, ọkọ̀ èrò ló máa ń yà fún un, ó sì lè fi ọ̀pọ̀ wákàtí pẹ́. Bọ́ọ̀sì ńkọ́? STC, tí í ṣe ti ìjọba Saskatchewan, kógbá sílé ní 2017. Greyhound náà kúrò lágbègbè yìí ní 2018. Biggar sí Saskatoon lé ní 90 kìlómítà, ibí lẹ ó sì ti máa wá ra iṣu, gààrí àti ata rodo. Ẹ wá fírísà ńlá.

Bẹ́ ẹ bá ń wo mọ́tò, ẹ yẹ iwájú rẹ̀ wò bóyá wáyà hítà ẹ́ńjìnnì yọ síta. Lálẹ́ tí òtútù bá mú gan-an, iná lẹ ó ki wáyà yẹn bọ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì lè kọ̀ láàárọ̀. Táyà òtútù ṣe pàtàkì. Kí ṣọ́bìrì, bùláńkẹ́ẹ̀tì, àbẹ́là àti ìṣáná wà ní búùtù. Bí ìjì yìnyín bá ká yín mọ́ títì 14, tó ti Biggar wá sí Saskatoon, ẹ jókòó sínú mọ́tò, ẹ má fẹsẹ̀ rìn wá ìrànlọ́wọ́. Kẹ́ ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ gbá yìnyín kúrò lẹ́nu sálẹ́ńsà, torí èéfín rẹ̀ ń pààyàn. Mo bẹ̀ ọ́, má gbàgbé èyí.

Bọ̀dá Melville: Yáàdì rélùwéè ní Melville ni mo ti ń ṣiṣẹ́, bàbá tó bí bàbá mi náà sì ṣe rélùwéè ní Òṣogbo, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí sún mọ́ mi. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí irin ṣe níbẹ̀, ìlú yẹn kò ní í yé e.

Ilẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Kánádà ni Biggar wà, lábẹ́ àdéhùn Treaty 6 tí wọ́n bá ìjọba ṣe ní 1876. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Grand Trunk Pacific ń tẹ́ irin kọjá, ẹ́ńjìnnì ayé ìgbà yẹn ń jẹ èédú, ó ń mu omi. Tó bá ti sáré fún nǹkan bíi 200 kìlómítà, wọ́n á pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, àwọn awakọ̀ á sì gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ohun tó sọ Melville, Watrous àti Biggar di ìlú nìyẹn. Orúkọ lọ́yà ilé iṣẹ́ náà ni Biggar ń jẹ́. Melville jẹ́ orúkọ ọ̀gá wọn, Charles Melville Hays, tó bá Titanic lọ ní 1912. Ní 1919 ilé iṣẹ́ náà wọ gbèsè, ìjọba gbà á, ó di ara CN.

Àwọn ibùdó kéékèèké tó wà láàárín, ABD ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ: Fenwood, Goodeve, Hubbard, Ituna, títí dé Xena, Young àti Zelma. Wọn ò jìnnà síra, torí pé àgbẹ̀ tó fi ẹṣin wọ́ ọkà wá sílé ìkó-ọkà gbọ́dọ̀ padà délé kílẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí tírélà àti títì dé, iṣẹ́ wọn tán. Mo máa ń kọjá níbẹ̀, àánú wọn a sì máa ṣe mí. Biggar kò kú, torí pé awakọ̀ ṣì ń pààrọ̀ níbẹ̀.

Àwọn aládùúgbò yín lè jẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè tí wọ́n pè síṣẹ́ ní aago méjì òru. Ẹ má kan ilẹ̀kùn wọn lọ́sàn-án láìbéèrè. Ẹ gba ilé tó jìnnà díẹ̀ sí yáàdì, nítorí oorun àwọn ìbejì. Níbi tí títì ti dábùú irin, fèrè gígùn méjì, kúkúrú kan, gígùn kan: ọkọ̀ ń bọ̀ nìyẹn. Bó bá dúró dí ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rá gba abẹ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà mi. Ẹ̀rù ohun kan ṣì ń bà mí: ṣé àwa nìkan ni aláwọ̀ dúdú tí wọ́n máa rí níbẹ̀?

Bọ̀dá Melville: Rárá o. Ní 1910, àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú láti Oklahoma wá gba oko lẹ́bàá Maidstone, ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà. Wọ́n fi ìtì igi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Shiloh, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Nínú ọkọ̀ ojú irin ayé ìgbà yẹn, àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún èrò, “George” ni àwọn èrò sì ń pe gbogbo wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun kò gbà wọ́n, John A. Robinson, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Winnipeg ní 1917. Mú àwọn ọmọ lọ wo Shiloh nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àǹtí Saskatoon: Ọjọ́ wo lẹ ń dé? Ọkọ mi mọ mọ́tò wò dáadáa. Bó bá jẹ́ Sátidé, á bá yín lọ. Kí ẹ sùn lọ́dọ̀ wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kó má di pé òru lẹ máa wọ Biggar.