Ilé aago, ẹ̀rọ aago àti òṣùká: èsì sí àbá láti Kàdúná

Ẹ kú àpérò o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi.

Bàbá wa tó kọ̀wé láti Kàdúná dá àbá mẹ́ta lórí orúkọ Yorùbá fún ẹ̀yà ara aago: kí á máa pe gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú aago ọwọ́ ní "ìṣípòpadà", kí irin tó yí i ká máa jẹ́ "àpótí aago", kí iṣẹ́ àwọn tó ń mú irin náà gba ẹ̀rọ àti ojú aago mìíràn sì máa jẹ́ "ìtúnṣe àpótí". Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Àmọ́ kí wọ́n má bínú sí mi, n kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Gẹ̀ẹ́sì ló so ìrìn àti ẹ̀rọ aago mọ́ orúkọ kan ṣoṣo, "movement", àwa kò so wọ́n pọ̀ rí. Lọ́dọ̀ wa, aago a máa ṣiṣẹ́, a máa sáré, a máa falẹ̀, a sì máa kú. Ẹni tó kó kúrò ní Gárìkí lọ sí Kúbwà ní Àbújá níbí ló ṣípò padà. Ẹ́ńjìnì ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń tún aago ṣe ní ọjà Wúsè. Bí a bá fẹ́ ti Yorùbá, ẹ̀rọ aago ti tó.

Ní ti àpótí, ohun tí à ń kó ẹrù sí tí a sì ń kó o jáde ni. Irin ara aago ní ògiri, ó ní ilẹ̀kùn lẹ́yìn, ẹ̀rọ sì ń gbé inú rẹ̀. Ilé aago ló yẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé ẹnìkan níbí ti sọ pé ilé aago lè dà bí ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì ń so agogo kọ́. Ṣùgbọ́n à ń sọ ilé ọmọ, à ń sọ ilé ìtọ̀, kò sì sẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ ń lọ sí yàrá àti pálọ̀.

Ìtúnṣe gan-an ló ká mi lára jù. Ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe, ilé aago yìí kò sì bàjẹ́. Ẹ wo ẹ̀rọ ETA 2824-2 tí wọ́n ṣe ní Switzerland: ó fẹ̀ ní mìlímítà 25.6, ó nípọn ní 4.6. Ẹ̀rọ NH35 ti iléeṣẹ́ Seiko ní Japan fẹ̀ ní 27.4, ó nípọn ní 5.32. Bí ihò inú ilé bá ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ETA, ẹni tó fẹ́ fi NH35 sí i ní láti fá ògiri rẹ̀ yíká, ó kéré tán mìlímítà 0.9 lọ́tùn-ún àti lósì, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì lè máà pa dé mọ́.

Mo jókòó ti ọ̀gá kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Wúsè. Ẹ̀rọ tó ti kú ló fi ń wọn inú ilé náà, kí ẹ̀rún irin má baà wọ èyí tó dára. Ó fá a díẹ̀, ó fẹ́ ẹ látẹnu, ó wọ̀n ọ́n, kò wọlé. Ó tún fá a. Ó fi ihò ẹ̀gbẹ́ hàn mí, ibi tí ọ̀pá tí a fi ń yí ọwọ́ aago ń gbà kọjá. Bí ẹ̀rọ bá jókòó sókè tàbí sísàlẹ̀ ju ihò yẹn lọ, ọ̀pá á máa ha ara rẹ̀ títí á fi kán. Ojú aago náà ní ẹsẹ̀ méjì tín-tìn-tín lẹ́yìn, ihò ara ẹ̀rọ tuntun kò sì bá wọn mu. Ó gé ẹsẹ̀ ojú náà kúrò, ó fi gọ́ọ̀mù olójú méjì lẹ̀ ẹ́.

"Mò ń fá a kó bá ẹ̀rọ mu ni," bó ṣe wí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìṣe wa ti wà nílẹ̀. Bí ìwé bá ń fẹ́ orúkọ, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìfábámu. Àwọn kan dábàá "ìgbẹ́bámu". Gbẹ́ yẹ igi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó fi ìgbẹ́ ṣíwájú kò ní ṣeé kọ́ ọmọdé ní kíláàsì.

Ìdí kejì tí ìtúnṣe kò fi tó ni pé ìdàkejì wà. Bí ẹ̀rọ bá kéré ju ilé lọ, bíi Miyota 2035 oníbátìrì nínú ilé fífẹ̀, kò sí ohun tí a óò fá. Òrùka ike ni wọ́n ń fi sí àárín, kí ẹ̀rọ má baà máa mì. Òṣùká ni mo fẹ́ kí á pe òrùka yẹn: iṣẹ́ tí òṣùká ń ṣe láàárín orí aláàárù àti ẹrù náà ló ń ṣe. N kò rí orúkọ tó dára jù ú lọ, mo sì fẹ́ kí ẹ jà fún un pẹ̀lú mi.

Ohun róbótó ẹ̀gbẹ́ tí à ń fà kí á tó yí ọwọ́ aago, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí á pè é ní adé bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é ní "crown". Bọ́tìnnì ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.