Ṣé mo ṣe burúkú tí mo yọ spinlock kúrò nínú dráífà?

Ọmọ Ìkòròdú: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Dráífà káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan ni wọ́n gbé fún mi níbi iṣẹ́, ti Linux. Ẹni tó kọ ọ́ ti lọ, kò ṣàlàyé nǹkan kan sílẹ̀. Spinlock nílé, spinlock lóko, ìyẹn lock tí kì í jẹ́ kí CPU méjì kọ sí ibì kan lẹ́ẹ̀kan náà! Mo yọ èyí tó wà nínú start_xmit, ibi tí dráífà ti ń fi pákẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, torí kernel (ọkàn Linux) fúnra rẹ̀ ti ń mú lock kó tó pè é. Ọ̀gá wá ń pariwo lé mi lórí lójú gbogbo èèyàn pé mo ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ bá mi dá sí i.

Ẹlẹ́rọ Sábó: O ò sọ ohun tó ń ṣe. Ṣé ó ń dákú ni, àbí pákẹ́ẹ̀tì ń sọnù?

Ìyá Ìbejì: Èmi náà ṣe irú ẹ̀ rí o. Inú poll, ibi tí dráífà ti ń gba pákẹ́ẹ̀tì tó wọlé, ni mo ti yọ tèmi, torí NAPI kan, ìyẹn ètò kernel tó ń pe poll, kì í ṣiṣẹ́ lórí CPU méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo yọ ti open àti stop (títan àti pípa káàdì), rtnl_lock tí kernel ń mú ṣáà wà níbẹ̀. Kò ṣe nǹkan kan títí dòní.

Bàbá Àgbà: Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò gbìn ín, ẹ ń hú u. Dá a padà jàre.

Ọmọ Ìkòròdú: Bàbá, mi ò hú nǹkan kan. Lórí virtual machine tèmi, geere ló ń lọ. Orí sáfà wọn ni pákẹ́ẹ̀tì ti ń sọnù.

Ẹlẹ́rọ Sábó: CPU mélòó lo fún virtual machine yẹn? Àwọn àmì wo ni dráífà kọ sínú dev->features?

Ọmọ Ìkòròdú: Ọ̀kan. NETIF_F_LLTX wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kàn án.

Ẹlẹ́rọ Sábó: Háà! Ohun tó yẹ kóo kọ́kọ́ sọ nìyẹn. LLTX ló ní kí kernel má mú lock tó máa ń mú kó tó pe start_xmit, dráífà á mú tiẹ̀. O wá yọ ìyẹn náà. CPU méjì ń kọ sínú ring kan ṣoṣo, ìlà tí pákẹ́ẹ̀tì ti ń dúró de káàdì, pákẹ́ẹ̀tì ò ṣe ní í sọnù? Yọ LLTX, lock yẹn á wá di aláìwúlò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ yẹ ibi tí wọ́n ti ń kó pákẹ́ẹ̀tì tó ti lọ kúrò nínú ring wò. Lock kernel ò dé ibẹ̀. Fún un ní CPU mẹ́rin, kóo tan KCSAN, tó ń ṣọ́ ibi tí CPU méjì ti ń jà lórí nǹkan kan náà.

Bàbá Àgbà: Irọ́ ni. Mo wá LLTX yẹn nínú kernel tèmi, kò sí.

Ẹlẹ́rọ Sábó: Láti Linux 6.12, dev->lltx ló ń jẹ́, sà.

Ọmọ Ìkòròdú: Lock ni wọ́n ní kí n wò, wọn ò dárúkọ features.

Ìyá Ìbejì: Ẹ dúró ná, LLTX wà nínú tèmi náà o!

Ẹlẹ́rọ Sábó: Ti poll lẹ yọ, mà. Bí poll yín kì í bá kó pákẹ́ẹ̀tì tó ti lọ kúrò nínú ring, kò kàn yín.