Oníbodè àpòlúkù: «lílà» ni, kì í ṣe «gígé»

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa.

Lórí orúkọ Yorùbá tí a fẹ́ lò nínú ìwé pélébé tí àwọn aláìsàn máa kà n'Ìbàdàn nípa gastroparesis, àìsàn tí oúnjẹ fi ń pẹ́ jù kó tó kúrò nínú àpòlúkù: ẹnìkan dábàá «àìdà oúnjẹ», ẹlòmíràn ní «ẹ̀gbà ikùn». Mi ò fara mọ́ ìkankan. Ẹni tó jẹ ẹ̀wà yó jù lóru náà á ní oúnjẹ òun ò dà. Ohun tí ẹ̀gbà bá sì mú kì í mira mọ́, bẹ́ẹ̀ àpòlúkù yìí ṣì ń mira, ó kàn ń lọ́ra ni. Ìlọ́ra yẹn gan-an ni wọ́n ń wọ̀n: wọ́n á po èròjà ìtànṣán díẹ̀ mọ́ ẹyin, aláìsàn á jẹ ẹ́, wọ́n á máa yà á ní fọ́tò títí di wákàtí 4. Ohun tó bá ṣẹ́ kù nígbà náà kò yẹ kó ju 10% lọ. Bó bá ju 35% lọ, ó ti le gan-an. Nítorí náà, «ìlọ́ra àpòlúkù». Ẹ má kọ «ikùn», inú ikùn náà ni ìfun àti oyún wà.

«Àìsàn tó borí oògùn», tí wọ́n fẹ́ máa pe èyí tí oògùn ò tíì ṣe nǹkan sí, náà ṣì wá lọ́nà. Nígbà míì, hóró oògùn fúnra rẹ̀ ló há sínú àpòlúkù tí kò dé ìfun, ibi tí ara ti ń fà á. Ó yẹ kí wọ́n ti fi olómi tàbí abẹ́rẹ́ dán an wò kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé oògùn ti kùnà. Agbára erythromycin, oògùn tó ń mú àpòlúkù mira, sì máa ń dín kù lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 4. «Èyí tí oògùn ò ràn» ti tó.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi jù ni pylorus. Gíríìkì ni, olùṣọ́ ẹnubodè ló sì túmọ̀ sí. Àwa ti ní oníbodè tipẹ́. Ẹni tó ń ná ọjà Bodè ò nílò àlàyé. Òrùka iṣan ni, láàárín àpòlúkù àti ìfun. Bó bá fún jù, oúnjẹ á dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí èrò tí wọn ò ṣílẹ̀kùn fún.

Àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ìwé náà wá pe G-POEM, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń tú oníbodè tó fún jù sílẹ̀, ní «gígé ẹnu ikùn». Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́. Ẹni tó bá gbọ́ «gé» á rò pé wọ́n fẹ́ gé nǹkan dànù. Ẹnu ni wọ́n ń gbà ki rọ́bà oníkámẹ́rà wọlé. Ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí oníbodè, wọ́n á fún omi aláró sábẹ́ awọ inú àpòlúkù kó lè wú sókè, wọ́n á dá a lu díẹ̀, wọ́n á gba abẹ́ rẹ̀ dé ìdí òrùka náà, wọ́n á la òrùka yẹn, wọ́n á padà wá fi kílíìpù pa ojú ibi tí wọ́n gbà wọlé dé. Kò sí ohun tí wọ́n mú kúrò. Awọ tó bo òrùka náà wà lódindi. Bó bá ṣèèṣì lu, oje àpòlúkù lè jò síta, ewu ńlá sì nìyẹn. «Lílà oníbodè» ni. «Títú oníbodè» dùn létí, ṣùgbọ́n ó fi abẹ pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ fọwọ́ síwèé. Kí ìwé náà tún sọ pé ààwẹ̀ òru kan ò tó: nǹkan olómi nìkan ni kí aláìsàn máa mu láti bí ọjọ́ méjì ṣáájú.

Ẹ̀rọ oníná tí wọ́n ń rán wáyà rẹ̀ mọ́ àpòlúkù ńkọ́? «Atì-oúnjẹ» kì í ṣòótọ́, nítorí kì í sábà mú oúnjẹ yára. Ìrìndọ̀ àti èébì ló ń dín kù. «Apèébì» tún burú: ṣé ó ń pa èébì ni àbí ó ń pè é? «Adínrìndọ̀kù» ni tèmi.

Orúkọ rọ́bà méjì tí wọ́n ń fi sínú ara aláìsàn ló kù, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti léwu jù. «Rọ́bà àpòlúkù» ń tú afẹ́fẹ́ àti oje jáde; «rọ́bà ìfun» ló ń gba oúnjẹ. Ìfun ò ní àpò tó lè gba oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá dà á wọlé wàrà, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ló máa tẹ̀ lé e. Mílílítà 10 sí 20 ní wákàtí kan ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń fi omi mílílítà 30 ṣan rọ́bà náà kó má baà dí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ «rọ́bà oúnjẹ» sí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Kí orúkọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé sí wà lára ìdérí rẹ̀.