Ohun tí ojú wa rí ní Spiti

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Chandigarh:

Ẹ̀yin tó ń múra àtilọ sí àfonífojì Spiti, ní ìpínlẹ̀ Himachal Pradesh nílẹ̀ Íńdíà, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Key ni gbogbo èèyàn ń sáré lọ, ilé àwọn mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà orí òkè yẹn. Wọ́n á ya fọ́tò tán, wọ́n á ní àwọn ti rí Spiti. Tabo ni kí ẹ lọ, ilé mọ́ńkì mìíràn níbẹ̀.

A gba Shimla kọjá dé Reckong Peo. Níbẹ̀ ni àjèjì ti ń gba ìwé àṣẹ kó tó gba ọ̀nà ẹ̀bá ààlà Tibet. Nígbà tí a dé ibi àyẹ̀wò ní Sumdo, ọlọ́pàá yí ìwé ìrìnnà mi síwá sẹ́yìn, ó wò mí lójú, ó ní, "Nàìjíríà? Okocha!" Ọ̀nà là.

Bí ẹ bá ń wo Tabo láti ìta, kò jọ nǹkankan: ògiri amọ̀, òrùlé pẹrẹsẹ. Àmọ́ ọdún 996 ni wọ́n kọ́ ọ, láyé Yeshe-Ö, ọba Guge, ìjọba àtijọ́ kan ní ìwọ̀-oòrùn Tibet. Amọ̀ lásán, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, wọ́n ṣì ń jọ́sìn níbẹ̀! Àwọn òkè Himalaya ló ń dínà mọ́ òjò, ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ táútáú. Ká ní irú òjò tó ń rọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde lóṣù kẹfà ló ń rọ̀ níbẹ̀ ni, ì bá ti di ẹrẹ̀ tipẹ́.

Inú ṣókùnkùn, wọn kì í sì í jẹ́ kéèyàn ya fọ́tò. Mọ́ńkì kan tan tọ́ọ̀ṣì fún wa. Ère amọ̀ méjìlélọ́gbọ̀n ló wà lára ògiri yípo, wọ́n yọ síta bí ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, Vairocana, ọ̀kan lára àwọn Búdà tí wọ́n ń bọ, sì jókòó láàárín, ó kọjú sí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibi tí iná náà bá kàn lára ògiri, àwọ̀ búlúù á kọ mànà. Mọ́ńkì náà bi mí bóyá a ní ohun àtijọ́ tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ ṣe nílé. Mo sọ fún un nípa Eredo Súngbọ́, iyàrà tí àwọn baba wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó gùn ju kìlómítà 160 lọ. Ó ní ta ló ń tọ́jú rẹ̀. Mo yí ọ̀rọ̀ padà.

Ìyá Ìbejì, Leicester:

Àbúrò, o kú àlàyé, ṣùgbọ́n o fo abúlé Giu, kò sì jìnnà sí Tabo. Òkú mọ́ńkì kan tí wọ́n ń pè ní Sangha Tenzin wà níbẹ̀ nínú ilé gíláàsì, ní ìjókòó. Ìmìtìtì ilẹ̀ 1975 ló tú u síta. Ó ti tó nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún, síbẹ̀ eyín rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu, irun ṣì wà lórí. Ọkọ mi kọ̀, kò wọlé. Ó ní òun ò náwó tó báyìí wá wòkú.

Àwọn ará abúlé ní àkeekèé ló ń yọ wọ́n lẹ́nu nígbà náà, ló bá fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè rí ìtura. Ẹnì kan nínú ọkọ̀ wa ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí wọ́n fi ìtàn Mọremí tọ́ dàgbà, kí ni mo fẹ́ fi rẹ́rìn-ín?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ara ni tèmi. Ìlú Kaza ní Spiti ga ju mítà 3,600 lọ. Ẹni tó bá ti ìlú Manali nísàlẹ̀ gòkè wọ̀ọ̀, orí fífọ́ ló máa pàdé. Èébì ni tèmi bá wá. Ẹ rọra máa gòkè, ẹ máa mu omi. Nígbà òtútù, yìnyín máa ń dí ọ̀nà Manali yẹn pa.

Tíì wọn, bọ́tà àti iyọ̀ ni wọ́n ń fi sí i, ẹ má retí ṣúgà. Wọ́n á da ìyẹ̀fun ọkà báálì tí wọ́n ti yan sínú rẹ̀, wọ́n á fi ìka pò ó nínú abọ́ títí á fi dì bí ẹ̀bà. Mo gbádùn ìyẹn. Tíì yẹn ni mi ò lè bá ṣe, bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ti mu díẹ̀, ìyá onílé á tún rọ ọ́ kún. Ẹ jẹ́ kó wà ní kíkún títí ẹ ó fi fẹ́ dìde.