Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n lè dí ihò ọkàn ọmọ láìla àyà rẹ̀?

Ìyá Àdùkẹ́:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọmọbìnrin mi pé ọdún 5 lóṣù tó kọjá. Sìkáànì fi hàn pé ihò kan tó fẹ̀ tó mìlímítà 14 wà lára ògiri tó pín iyàrá méjèèjì òkè ọkàn rẹ̀ níyà. Dókítà ní kò pọn dandan kí wọ́n la àyà rẹ̀, pé wọ́n lè gba inú iṣan abẹ́ itan wọlé, kí wọ́n sì fi ohun kékeré kan tí wọ́n fi wáyà hun dí i. Ìyá ọkọ mi kò gbà rárá. Wọ́n ní irin kì í gbé inú ẹ̀jẹ̀ kó má dógùn-ún, àti pé bí ọmọ bá dàgbà, ohun náà kò ní tó ihò ọ̀hún dí mọ́. Ẹ̀rù wọn ti ń ran èmi náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Nọ́ọ̀sì Yàrá Ọkàn:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Kì í ṣe irin lásán. Àdàlù nickel àti titanium ni, kì í dógùn-ún. Bí wọ́n bá fà á wọnú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, á nà gbọọrọ, ṣùgbọ́n bó bá ti yọ lẹ́nu rọ́bà, á ṣí padà di àwo pẹlẹbẹ méjì tí ọrùn kúkúrú so pọ̀: àwo kan ní ẹ̀gbẹ́ òsì ògiri, èkejì lọ́tùn-ún, ọrùn nínú ihò gan-an. Dókítà á rọra fà á, á tì í, títí yóò fi dá a lójú pé ó di ògiri mú, nítorí pé kó tó tú u sílẹ̀, ó ṣì lè fà á padà. Láàárín bí oṣù mẹ́fà, ara yóò ti fi ẹran tirẹ̀ bò ó, ọkàn yóò sì máa dàgbà yí i ká. Lásìkò yẹn, wọ́n sábà máa ń fún ọmọ ní aspirin. Bí yẹtí olówó pọ́ọ́kú bá máa ń mú etí rẹ̀ yún, ẹ sọ fún dókítà, nítorí ó lè jẹ́ pé nickel inú yẹtí náà ni ara rẹ̀ kò gbà. Iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe tuntun: ọdún 1976 ni àwọn dókítà Terry King àti Noel Mills ti kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà, irú èyí tí dókítà Kurt Amplatz ṣe sì gba àṣẹ ìjọba ibẹ̀ ní 2001.

Bàbá Adéwálé:
Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ihò ló gbà á. Ti ọmọ mi wà lókè pátápátá, níbi tí iṣan ńlá ti ń wọnú ọkàn, kò sí etí tí àwo lè dì mú, nítorí náà wọ́n la àyà rẹ̀, wọ́n sì rán an. Àpá náà wà níbẹ̀. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìbéèrè tí ẹ ó bi dókítà ni pé: ṣé etí ihò náà tó yíká, ṣé kò sún mọ́ àwọn ìlẹ̀kùn ọkàn jù? Ẹ sì bi í nípa ipá ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, torí pé bí ó bá ga jù lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, dídí ihò náà fúnra rẹ̀ lè di ewu.

Ìyá Àdùkẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an ni. A padà lọ lánàá. Etí rẹ̀ tó, ipá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò sì ga. Dókítà fi àpẹẹrẹ kan lé ìyá ọkọ mi lọ́wọ́. Wọ́n fà á, ó nà. Wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀, ó padà di àwo. Wọ́n tún fà á lẹ́ẹ̀mejì sí i, wọ́n wá béèrè ọjọ́ tí a ó gbé ọmọ wá.