Báwo ni ọlọ́pàá abúlé inú ìtàn mi yóò ṣe wà nídìí ìwádìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òǹkọ̀wé. Ẹ forí jì mí bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀. Ìtàn ìpànìyàn tí kò ní ìtàjẹ̀sílẹ̀ ni mò ń kọ, ní abúlé kan lẹ́bàá Ṣakí, níbi tí ọlọ́pàá kan ti rí òkú eṣinṣin yí ẹnu kèrègbè ẹmu olóògbé ká, tí ó sì fura sí májèlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Ìyágankú, n'Ìbàdàn, ni wọ́n máa ń gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rò ó pé kí ó máa wádìí ní bòókẹ́lẹ́, àmọ́ ọmọlúàbí ni, n kò fẹ́ kí ó tàpá sí àṣẹ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀nà wo ló bófin mu tí ó fi lè máa bá ìwádìí náà lọ? Mo dúpẹ́ ṣáájú.