Àbúrò mi ń kọrin geere, ṣùgbọ́n kò lè béèrè omi

Ìyá Dámi:
Ẹ kú ilé o. Àbúrò mi ọkùnrin ṣubú lórí ọ̀kadà láìdé akoto, apá òsì orí ló fi ṣánlẹ̀. Egbò ti jinná, ó ń rìn. Ọ̀rọ̀ ló kù. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á di ọ̀fun mú, á máa wí pé "ìyẹn, ìyẹn", inú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Ṣùgbọ́n ẹ dá orin ìjọ, á gbè é dópin! Ó ń ka ení, èjì dé ẹ̀wá. Ẹ wá na ìka mẹ́rin sí i kí ẹ ní mélòó ni, wàhálà dé. Ìyá wa ní ọwọ́ ayé ni. Kí lẹ rí sí i?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Dámi. Kì í ṣe ọwọ́ ayé. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, apá òsì ọpọlọ ló ń to ọ̀rọ̀. Ní 1861, Paul Broca, dókítà kan ní Paris, yẹ ọpọlọ aláìsàn kan wò lẹ́yìn ikú rẹ̀. "Tan" nìkan ni ẹnu ọkùnrin náà ń gbé jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá a sọ. Iwájú apá òsì ló ti bàjẹ́. Orin, àdúrà àkọ́sórí, ení, èjì, wọ́n ti mọ́ra, wọ́n sábà máa ń ṣẹ́kù. Ẹ yé béèrè pé kí ló fẹ́. Ẹ gbé nǹkan méjì síwájú rẹ̀, kó tọ́ka. Ẹ má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ o! Kí dókítà sì kọ ìwé fún un lọ bá olùtọ́jú ọ̀rọ̀, ìyẹn ẹni tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti tún máa sọ̀rọ̀.

Ìyàwó Ọ̀gá:
Ẹ ṣọ́ ìrònú rẹ̀ náà. Ẹnu ọkọ tèmi dá ṣáká lẹ́yìn ìjàǹbá, ṣùgbọ́n ẹ rán an ní iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀, ọ̀kan ni yóò jẹ́. Ní 1848, ọ̀pá irin gba orí Phineas Gage kọjá nídìí iṣẹ́ rélùwéè ní Amẹ́ríkà. Ó yè é, ó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ dókítà rẹ̀ kọ ọ́ pé kì í dúró lórí ètò kan mọ́. Ẹ máa rán an níṣẹ́ níkọ̀ọ̀kan.

Ìyá Dámi:
Ẹ ṣeun. Mo gbé omi àti gàrí síwájú rẹ̀, ó tọ́ka sí méjèèjì: ó fẹ́ mu gàrí! Olùtọ́jú ọ̀rọ̀ ńkọ́, ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi kọ́ ọ? Kò gbọ́ ọ dáadáa tẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Èdè tó ń sọ nílé kó tó ṣubú ni kí ẹ ní kí wọ́n lò.